Fèrèsé Tó Wà Lẹ́yìn Eyín Obìnrin Náà

Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kí yín, mo kí Màmá, mo kí àbúrò mi tó jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún yín nídìí gíláàsì gígé. Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́? Ara tèmi le. Ẹ má bínú pé lẹ́tà yìí pẹ́. Mo ń dúró kí fọ́tò tó wà nínú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, kí n lè fi sítáǹbù kan rán nǹkan méjì.

Ẹ ní kí n máa pè lórí fóònù. Fóònù mi ti bọ́ sínú garawa omi ọṣẹ, mi ò sì tíì ra òmíràn. Ti ibi iṣẹ́ ló kù, ọ̀gá sì máa ń jókòó tì í. Lẹ́tà dára jù. Ẹ lè kà á lẹ́ẹ̀mẹta, iye kan náà ni.

Ẹ wo fọ́tò náà. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí wọ́n ti ń ta bàtà àti báàgì ni, ó wà ní igun òpópónà méjì. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù wá bá ọ̀gá mi pé òun fẹ́ kí gbogbo iwájú ilé náà di àwòrán kan ṣoṣo, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Èmi ni mo gbé téèpù lọ wọn gbogbo gíláàsì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé gíláàsì méjì lè jọra lójú kó má dọ́gba lórí téèpù. Èmi náà ni mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí mo to àwòrán náà: obìnrin kan gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo sún un síwá sẹ́yìn títí ojú rẹ̀ kò fi bọ́ sórí igi fèrèsé. Tí igi bá gba àárín ojú ènìyàn kọjá, ṣe ló máa dà bí ẹni tó wà lẹ́yìn irin gééètì.

Ti ìsàlẹ̀ rọrùn. Rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn ni. A ó fọ gíláàsì, a ó fi abẹ ha á, a ó fọ́n omi ọṣẹ sí i. Omi ọṣẹ yẹn ni kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú lójú ẹsẹ̀, èèyàn á lè sún rọ́bà náà títí yóò fi bọ́ sípò, kó tó wá fi ike pẹlẹbẹ tẹ omi jáde láti àárín lọ sí etí. Ti òkè ló le. Èyí tó ní ihò wínníwínní káàkiri ni wọ́n lò níbẹ̀, kí ẹni tó wà níta rí àwòrán, kí ẹni tó wà nínú rí ìta. Ìyẹn kò gba omi, omi á wọ inú ihò. Gbígbẹ la ń lẹ̀ ẹ́. Ibi tó bá ti kọ́kọ́ mú, ibẹ̀ náà ló wà nìyẹn.

Èmi àti ẹnìkejì mi la ṣe é. Àkàbà là ń pè é, nítorí pé ó ga débi pé kì í fẹ́ gun àkàbà. Àmọ́ ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni, kò sì mú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Èmi nìkan ló kù.

Oṣù Kẹfà ni àdéhùn mi parí. Mi ò ra ohunkóhun tí apá mi ò ní ká láti gbé padà. Ọ̀gá ní kí n kí yín. Ẹ mọ̀ pé ẹni tiwa ni, èdè wa ló ń sọ.

Èmi ni, àkọ́bí yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta

Àkọ́bí mi,

Lẹ́tà rẹ dé, fọ́tò dé, kò ká, kò ya. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti le padà, nítorí náà ọkàn wa balẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá gé gíláàsì ni mo ń fi fọ́tò hàn. Ẹnì kan béèrè pé ṣé ilé tí o kọ́ sọ́hùn-ún nìyẹn. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyá rẹ ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Iṣẹ́ náà wù mí. Ṣùgbọ́n ojú agégíláàsì ni mo fi wò ó. Fèrèsé mẹ́ta ló wà lókè níbẹ̀, ibi tí eyín obìnrin náà bọ́ sí. Àwọn yẹn kì í ṣe gíláàsì tó dúró gbọin. Mo rí ìdè tó gbé wọn: fèrèsé tó ń ṣí ni. Rọ́bà rẹ sì gba orí ojú ìṣí wọn kọjá, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣí i? Ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀? Tó bá jẹ́ pé ènìyàn ń gbé ibẹ̀, iṣẹ́ náà kò dáa, bó ti wù kó rẹwà tó. Dá mi lóhùn lórí èyí.

Ọ̀rọ̀ kejì nìyí. Nígbà tí bàbá mi mú mi lọ kọ́ṣẹ́, ó di ọwọ́ mi mú, ó fi lé ọwọ́ ọ̀gá mi lójú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Mo fà á lé yín lọ́wọ́. Ẹ máa wò ó bí ọmọ yín." Látọjọ́ náà, ọ̀gá mi kò lè nà mí kó má rántí ojú bàbá mi. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìwọ, nítorí pé ìwé lásán lẹ fi bá ara yín pàdé, o sì wọ bàálù lọ. Ó ti ń dùn mí láti ìgbà náà. Mo ti wá ṣe é báyìí. Ìwé kejì tó wà nínú àpò ìwé yìí, ti ọ̀gá rẹ ni. Mo fà ọ́ lé e lọ́wọ́ níbẹ̀ bó ti yẹ. Mo sì bẹ̀ ẹ́ pé tí àyè Àkàbà bá ṣì ṣófo, kó fi àbúrò rẹ dí i. O mọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ń gé gíláàsì ju èmi lọ báyìí, ọwọ́ tèmi ti ń gbọ̀n. Kí ló ń ṣe lọ́dọ̀ mi, ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ń gé gíláàsì fọ́tò olóògbé fún àwọn tó ń sọ pé àwọn á sanwó lọ́la?

Má ka ti ọ̀gá rẹ o. Àpò ìwé kan ni mo fi kó méjèèjì. Ìwọ nìkan kọ́ lo mọ owó ṣọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àníyàn mi. Mo rí lẹ́tà yín gbà. Ibi tí ẹ béèrè yẹn, ẹrù ni wọ́n ń kó sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo fún ọ̀gá ní tirẹ̀. Ó kà á sókè nínú ṣọ́ọ̀bù iṣẹ́, létí ẹ̀rọ tó ń tẹ àwòrán. Nígbà tó dé ibi tí ẹ ti ní ẹ fà mí lé e lọ́wọ́, ó ṣí fìlà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gba ọmọ ọlọ́mọ síṣẹ́, kò sí bàbá kan tó bu ọlá fún òun tó báyìí. Ó ká ìwé náà, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀ tí pásípọ́ọ̀tù mi wà, ó ti kọ́kọ́rọ́.

Ó ní òun gbà. Òun á ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àbúrò mi. Ó ní tó bá ti dé, tí mo bá ti fi iṣẹ́ hàn án, èmi lè máa lọ sílé ní oṣù Kẹfà bí àdéhùn ti wí. Mo ní, "Ọ̀gá, tí kò bá wá ńkọ́?" Ó ní, "Bàbá ẹ ti fà ẹ́ lé mi lọ́wọ́. Ta ló wá gbà ẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ rò ó dáadáa, Bàbá. Ta ni yóò máa bá yín gbé gíláàsì tó bá lọ? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ wá, tàbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ? Mi ò sọ pé kó má wá. Mo kàn ní kí ẹ rò ó.

Iṣẹ́ pọ̀, nítorí pé iṣẹ́ ènìyàn méjì ni mò ń ṣe. Mo dúró níbí ná.

Àkọ́bí yín.


Ogúnjọ́, oṣù Kẹrin

Àkọ́bí mi,

Inú ilé yìí dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ọ̀kan ń bọ̀, ọ̀kan ń lọ. Ìyá rẹ ní òun ò tiẹ̀ ní pàdánù ẹnikẹ́ni, òun á kàn pààrọ̀ ni. O béèrè bóyá àbúrò rẹ fúnra rẹ̀ ló fẹ́. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún un, ó gé gíláàsì kan láìwọ̀n ọ́n, èyí tí kò ṣe rí láyé rẹ̀. Ṣé kò fẹ́ nìyẹn?

Ọ̀gá rẹ pè mí. Ọmọlúàbí ènìyàn ni. Ó kí mi títí owó orí fóònù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó sì ń pè mí ní Bàbá wa. Tíkẹ́ẹ̀tì ti dé: ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà. Àbúrò rẹ ti ra ẹ̀wù òtútù àlòkù kan, ó ti fi aṣọ mìíràn lẹ apá rẹ̀ tó ya. Ó ti dágbére fún àwọn oníbàárà wa, wọ́n sì ń wò mí bíi pé èmi ni mo lé e lọ.

Ohun kan ló kù. Ọ̀gá rẹ ní yàrá tí o wà yìí gan-an ni yóò gbà tí o bá kúrò, òun kò ní yọ owó yàrá nínú owó iṣẹ́ rẹ̀. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ikọ́ fée kò tíì fi í sílẹ̀. Tí ibi tó wà bá há, tàbí tí òórùn nǹkan bá le níbẹ̀, àyà rẹ̀ á dì, a ó sì máa sáré kiri. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ pé ṣé afẹ́fẹ́ ń wọ yàrá náà dáadáa? Fèrèsé mélòó ló ní? Ṣé ó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ? Sọ bó ṣe rí fún wa, kí ó lè sùn. Ìyá rẹ ni mò ń sọ, kì í ṣe àbúrò rẹ.

Tètè fèsì.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Ìbéèrè kékeré kan ni mo bi ọ́, o dákẹ́. Mo pe fóònù ibi iṣẹ́ yín. Ọ̀gá rẹ ní o wà lórí àkàbà. Mo tún pè, ó tún ní o wà lórí àkàbà. Ṣé orí àkàbà lo ń sùn ni?

Ó sọ fún mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ojú rẹ kò fi bẹ́ẹ̀ tú ká láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ ti délẹ̀. Mi ò fẹ́ gba ohun tó wá sí mi lọ́kàn gbọ́. Ìwọ lo kọ́kọ́ lọ. A ta gíláàsì ńlá tí mo fi pamọ́ fún ilé wa kí o tó lè lọ, a sì ń fi páálí dí ojú ibẹ̀ títí dòní. Kò sí ẹni tó bi ọ́ nígbà náà pé ta ni yóò máa bá mi gbé ẹrù. Kí ló dé tí o wá ń bi mí nítorí tirẹ̀?

Tí o bá ní ohun tí o fẹ́ sọ, sọ ọ́. Oṣù Kẹfà kò jìnnà mọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Kí ẹ tó rí èyí, mo ti kọ lẹ́tà méjì, mo sì ya méjèèjì, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi kì í fi bébà ṣòfò. Mo bẹ̀ yín, ẹ kà á parí kí ẹ tó bínú.

Kì í ṣe ẹrù ni wọ́n ń kó sí ẹ̀yìn eyín obìnrin náà. Èmi ni mò ń sùn níbẹ̀.

Ọ̀gá ló háyà òkè ilé ṣọ́ọ̀bù yẹn fún àwa òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí oníṣọ́ọ̀bù ní òun fẹ́ kí àwòrán dé òkè, ọ̀gá gbà lójú ẹsẹ̀, nítorí pé bí rọ́bà bá ṣe fẹ̀ tó ni owó rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Èmi ni mo tò ó. Èmi ni mo gun àkàbà lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé yàrá ara mi, Àkàbà sì di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Mo ń ṣọ́ra kí ó má wọ́, kí eruku má bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ tí mo wò ó láti òdìkejì títì, inú mi dùn sí i. Ìgbà tí mo gòkè padà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Àkàbà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní, "A ti kọ́ ilé fún ara wa." Lẹ́yìn náà ló lọ.

Ẹ béèrè bí yàrá náà ṣe rí. Fèrèsé mẹ́ta ló ní, kò sí èyí tó ń ṣí. Ọ̀sán gangan níbẹ̀ dà bí ìgbà tí òjò ṣú. Òórùn gọ́ọ̀mù àti ti yíǹkì kò jáde láti ìgbà yẹn, ó ti wọ ìrọ̀rí mi. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, a kò gbọdọ̀ tan iná, nítorí pé tí iná bá tàn nínú, ihò wínníwínní yẹn á jẹ́ kí ará ìta rí wa, àwòrán á sì bàjẹ́. Inú ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀nà àbájáde wa gbà. Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo wà nínú títí wọn yóò fi ṣí i láàárọ̀. Mo ní kí ọ̀gá fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní ọjà olówó iyebíye ló wà nísàlẹ̀, ṣé mo fẹ́ kí wọ́n pe èmi ní olè?

Ẹ má sọ pé kí n kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí ìwé tó fún mi láyè láti gbé ìlú yìí. Lọ́jọ́ tí mo bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo di arúfin. Àkàbà di arúfin báyìí. Mi ò mọ ibi tó wà.

Ohun tó le jù láti kọ nìyí. Ẹ ní ọ̀kan ń bọ̀, ọ̀kan ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ṣe là á sílẹ̀: tó bá wá, èmi á lọ, tí kò bá wá, dúrọ́ọ̀ kò ní ṣí. Láti oṣù Kẹta ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ara àbúrò mi le ju tèmi lọ, pé ẹnu rẹ̀ mú, ọ̀gá ò ní lè fi ojú yẹpẹrẹ wò ó, pé bóyá wọn á tiẹ̀ ṣí rọ́bà náà kúrò kó tó dé. Mo fẹ́ wálé, Bàbá. Mo fẹ́ wálé débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kó wá. Ìgbà tí ẹ béèrè bóyá afẹ́fẹ́ ń wọlé ni mi ò mọ ohun tí mo lè kọ. Ẹ má rán an wá.

Mo mọ̀ pé ẹ lè rò pé ìlara ni. Nítorí náà ni mo ṣe fi nǹkan sínú lẹ́tà yìí. Mo ti abẹ bọ àárín fèrèsé àti igi rẹ̀ láti inú, mo gé rọ́bà yí i ká, mo tì í, ó ṣí. Mo wá na ọwọ́ síta, mo gé èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́ lára rẹ̀. Ojú tó funfun yẹn, eyín obìnrin náà ni. Ojú dúdú ni kí ẹ kọ sí ara yín. Ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà lọ́sàn-án, ẹ gbé e sójú, kí ẹ wo ìta. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń rí ìta.

Àkọ́bí yín.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni mo kà tí inú fi bí mi. Mo ní, ọmọ yìí ti rí ohun tó dùn, kò fẹ́ kí ẹlòmíràn tọ́ ọ wò. Ìyá rẹ gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi, ó kà á parí. Ó na ègé rọ́bà yẹn sí mi, ó ní, "Wò ó kí o tó lanu." Ó wá jáde lọ sá aṣọ.

Mo gbé e sójú. Mo rí ẹnì kan tó ń sá aṣọ. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ ni nítorí pé mo rí i nígbà tó jáde. Ká ní mi ò rí i ni, ǹ bá béèrè pé ta nìyẹn. Ìyàwó mi láti ọgbọ̀n ọdún, nínú àgbàlá ara mi, lọ́sàn-án gangan.

Àbúrò rẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ ojú fún ìgbà pípẹ́, ó wo ọ̀nà, ó wo igi, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ mú ẹ̀wù òtútù yẹn jáde nínú àpótí, ó ká a, ó gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò lọ mọ́.

Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ, lọ́tọ̀ ni mo fi èyí ránṣẹ́. Mo kọ ọ́ bí ó ṣe yẹ kí n sọ ọ́ tí mo bá dúró níwájú rẹ̀: "Mo fà á lé yín lọ́wọ́ nínú oṣù Kẹta. Mo ti gbà á padà báyìí. Ẹ dá a sílẹ̀ fún mi." Ní ayé tèmi, tí bàbá bá ti sọ bẹ́ẹ̀ lójú ènìyàn méjì, ọ̀gá kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ mọ́. Mi ò mọ bó ṣe rí lọ́hùn-ún. Mo rò pé mo fi ìwé yẹn bo ọ́ lórí ni, mi ò mọ̀ pé mo fi lé e lọ́wọ́ kó fi dè ọ́. Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Mo tún ń bínú sí ọ pé o pa á mọ́ fún mi tó bẹ́ẹ̀. Méjèèjì wà níbẹ̀ pọ̀.

Àbúrò rẹ ní òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun kọ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Bàbá rẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi nìyí. Mo ti dágbére fún gbogbo àdúgbò. Ní báyìí tí mo bá jáde, wọ́n á ní, "Ṣé o ti lọ, o ti dé ni?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ìlú náà kéré. Mi ò bínú sí yín. Irọ́ ni, mo bínú díẹ̀, nítorí pé ó wù mí láti lọ síbì kan tí kì í ṣe ibí, ẹ̀yin náà mọ bí ibí ṣe rí. Mo wo ìta nínú nǹkan yẹn títí ojú fi ń ro mí. Mo ń rò ó pé ká ní ẹ dákẹ́ ni, ẹ̀ bá wà nínú bàálù lóṣù yìí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ irú èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣí fèrèsé yẹn báyìí tí ẹ ti gé e.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà

Bàbá mi, Màmá mi, àbúrò mi,

Mo kí gbogbo yín pọ̀. Mo ka lẹ́tà yín létí fèrèsé tó ṣí, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí bí nǹkan ṣe rí báyìí yàtọ̀ sí ti ọjọ́ náà.

Ìwé yín dé ọwọ́ ọ̀gá. Kò kà á sókè lọ́tẹ̀ yìí. Ó kà á tán, ó ní, "Bàbá ẹ mọ̀wé kọ." Ó fi í sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Mo rò pé bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bóyá ni. Ṣùgbọ́n oníṣọ́ọ̀bù rí ihò náà láti òdìkejì títì. Obìnrin tó ń polówó báàgì ti ká eyín. Ó pe ọ̀gá.

Ọ̀gá ní, "Ta ló gé e?" Mo ní èmi ni. Ó ní kí ni mo fi ṣe. Mo ní mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi. Ó wò mí títí. "O fi eyín oníbàárà mi ránṣẹ́ sí bàbá ẹ." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó jọ pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìwé àdéhùn tuntun jáde, ọdún kan, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì tó ti ra àti àwòrán tó bàjẹ́. Ó ní tí mi ò bá fọwọ́ sí i, òun á lọ pa orúkọ òun rẹ́ lórí ìwé ìgbélùú mi lọ́la, kí n máa lọ wá Àkàbà.

Mo fọwọ́ sí i. Ẹ má sunkún, Màmá. Ọdún kan ní ìparí. Àbúrò mi, o kò jẹ mí ní gbèsè kan, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ.

Ó ní kí èmi fúnra mi dí i. Mo wọn ihò náà, mo tẹ eyín tuntun jáde, mo gun àkàbà. Mo pa fèrèsé náà dé, mo sì lẹ rọ́bà kọjá lórí ojú ìṣí rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, mo rí i pé àwọ̀ wọn kò dọ́gba. Oòrùn ti pa ti àtijọ́ láwọ̀ dà láti oṣù Kejì, ti tuntun sì mọ́ gbòò. Oníṣọ́ọ̀bù kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní owó ẹ̀rọ fún odidi àwòrán kò sí, kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Obìnrin kan wà tó ń gbá títì náà láàárọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí fèrèsé náà fi ṣí, ó máa ń rí mi níbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó bẹ̀rù, ó sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ń na ọwọ́ kí mi. Mo rò pé tí mo bá ti dí i, ó parí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ àná, mo dúró lẹ́yìn rọ́bà náà, mo rí ẹnì kan tó dà bí òjìji tó ń gbá ilẹ̀ bọ̀. Ó dúró nísàlẹ̀. Ó gbójú sókè wá eyín kan tó mọ́ ju àwọn yòókù lọ, ó sì na ọwọ́.

Mo na tèmi padà. Kò lè rí i. Mo nà án síbẹ̀.

Àkọ́bí yín.